Mo Há Sínú Ọkọ̀ Tí Mò Ń Tún Ṣe

Ọkọ̀ tì mí mọ́nú lónìí, lọ́sàn-án gangan, ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.

Mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa dáhùn ìpè, ìyẹn àṣẹ, tó bá gba wáyà ọkọ̀ wọlé. Kọ̀ǹpútà wà lórí bẹ́ǹṣì níta, wáyà kan so ó mọ́ ọkọ̀, èmi jókòó sínú ọkọ̀ láti wò ó. Ìpè kan wọlé pé kó ti ilẹ̀kùn, ó dáhùn. Àmọ́ mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó pa ìpè náà rẹ́ tó bá ti dáhùn tán. Ló bá ń dáhùn ìpè kan ṣoṣo yẹn lọ ràì. Bí mo ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn ló ń tì í padà.

"Ẹ̀gbọ́n Múfú, ẹ yọ wáyà yẹn!"

Ẹ̀gbọ́n Múfú, mẹkáníìkì wa, nawọ́ sí wáyà. Ìyá àgbà kan ń kọjá lọ.

"Múfú, o kú iṣẹ́ o."

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣé, Mà. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún yín ńkọ́?"

Ìyá bẹ̀rẹ̀ ìtàn orúnkún. Mo ń lu gíláàsì.

"Ọmọ poly, ṣé o ò rí i pé mò ń kí àgbà ni?"

Ìgbà tí ìtàn parí ló tó yọ wáyà, tí mo jáde. Mo ti tún ètò mi ṣe. Ẹ̀gbọ́n Múfú ńkọ́? Ibo lẹ ní kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tiẹ̀?