Wọ́n Dá Samand Láre Nígbà Tí Koríko Ti Hù Lórí Sàréè Rẹ̀

Samand, tó ń hun ibùsùn olókùn lábúlé wa, kú sọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á. A sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí koríko ti bo sàréè náà, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pàṣẹ pé kó máa lọ sílé lójú ẹsẹ̀.

Akọ̀wé agbẹjọ́rò rẹ̀ ló tẹ Zohra, opó rẹ̀, láago.

"Màmá, ẹ kú oríire o! Wọ́n ti dá Bàbá sílẹ̀. Àdídùn ládù oríire mi dà?"

"Ìwọ yìí, ṣé orí ẹ pé ṣá? Ṣé kí n lọ hú u jáde ni, kí n sọ fún un pé ó ti bọ́?"

Ẹ̀yin ará Punjab, ẹ gbọ́ ohun tó dá a láre, kí inú yín lè bàjẹ́ bíi tèmi. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló wà. Ó búra pé òun ń fa omi láti inú odò tí ìjọba gbẹ́ fún àwọn àgbẹ̀ sí oko àlìkámà òun nígbà tí òun rí Samand tó ń pa aládùúgbò wa. Lóṣù Jánúárì! Ta ni ò mọ̀ pé lóṣù Jánúárì ni ìjọba máa ń sé omi odò náà, kí wọ́n lè kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀? Omi wo ló ń fà? Àwa tá a jókòó ní kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́, ọmọ ìlú ńlá, ní ká panu mọ́, ó sì sọ Samand sẹ́wọ̀n gbére.

Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kì í pe ẹlẹ́rìí tuntun. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní kóòtù ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kà, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá adájọ́ ibẹ̀ ṣìnà. Ọ̀rọ̀ omi náà sì wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn adájọ́ méjì kà á láàárọ̀, wọ́n dá a láre kó tó di ọ̀sán. Kí ló wá jẹ gbogbo ọdún tó fi ń retí wọn lẹ́wọ̀n? Lónìí, àwọn agbẹjọ́rò daṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́la, adájọ́ kan fẹ̀yìn tì. Wọ́n sún ẹjọ́ náà síwájú, wọ́n tún sún un, títí Samand fi ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Òun ló hun ibùsùn ìgbéyàwó mi. Tí okùn rẹ̀ bá dẹ̀, á wá fà á le lọ́fẹ̀ẹ́, á ní, "Ọ̀gá akọ̀ròyìn, ìjà wo lẹ̀ ń bá ìyàwó jà lórí ibùsùn yìí?" Lẹ́wọ̀n, kì í béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ wa. Ohun kan ló máa ń béèrè: "Ṣé wọ́n ti kà á?"

Ní báyìí, agbẹjọ́rò ìjọba ti gbọ́ pé ó ti kú. Òfin ní tí ẹni tó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bá kú, ẹjọ́ rẹ̀ bá a kú nìyẹn, ìdájọ́ ìsàlẹ̀ ló máa dúró. Ló bá ní kí wọ́n pa ìdáláre náà rẹ́, kí Samand padà di apànìyàn. Àwọn ọ̀gá ẹ̀wọ̀n ló yẹ kó fi ikú rẹ̀ tó kóòtù létí, wọ́n gbàgbé. Àìbìkítà ló pa á, àìbìkítà náà ló ṣèèṣì fọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n tún fẹ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ẹ̀bẹ̀ agbẹjọ́rò ìjọba? Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni. Wọ́n mà ti ráyè o!

Adájọ́ àgbà, àwọn wo ló ń sún ẹjọ́ náà? Ẹ dárúkọ wọn ní gbangba. Ọ̀gá ẹ̀wọ̀n, ta lẹ sọ fún pé ó kú? Ẹ wá wí tẹnu yín lọ́jọ́ náà, kí ìdáláre Samand sì dúró. Zohra ní kí n bá òun kọ tòun kún un:

"Ẹ má pa á lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti lọ sọ fún un létí sàréè pé wọ́n ti kà á."