X Kì í Gbé Ohùn

Ọdún tí wọ́n ti bọ́dà pa ni mo ń kọ iṣẹ́ àṣejáde mi nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Ìlaròó. Ìrẹsì ni màmá mi ń tà ní Ihunbo, títì bọ́dà sì ti pa ọjà náà. Wọ́n là á mọ́lẹ̀ fún mi: "Ọdún yìí ni agbára mi mọ. Tí kò bá yọrí, oko ló kù." Bí n kò bá kó iṣẹ́ náà fún olùkọ́ mi lọ́jọ́ Furaidé tí wọ́n dá fún wa, ó parí fún mi nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n jẹ́ tíṣà Yorùbá ló bá mi tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà wọn. Iná ò sí, epo pẹtiróòlù sì ti ṣọ̀wọ́n nítorí bọ́dà yẹn kan náà. Ìwọ̀nba tó kù nínú jẹnẹrétọ̀ ò lè tẹ̀ ẹ́ jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. A tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo ṣí i wò.

Orí gbogbo x ṣófo. Nínú iṣẹ́ mi, x lásán ni iye tó jẹ́ òótọ́. Èyí tó dé fìlà ṣóńṣó, x̂, ni iye tí a fojú dá. Bí àwọn méjèèjì ṣe jìnnà síra ni gbogbo àlàyé mi dá lé. Ní báyìí, mo ti kọ ìwé gbọọrọ láti sọ pé x ni x.

"Ẹ̀gbọ́n, fìlà orí x dà?"

"Mo yọ ọ́ ni, mo rò pé àmì ohùn ni. Kọ́ńsónáǹtì kì í gbé ohùn, àfi n àti m. Kọ̀ǹpútà gan-an kọ̀ ọ́: ó ń yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ x, ṣùgbọ́n ó jókòó dáadáa sórí a."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fọ́ kọ̀ǹpútà náà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè kọ ọkọ àti ọkọ́ bákan náà?"

Wọ́n di orí mú. "Mo dáràn. Mo ti ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́."

Epo ti tán. A mú bírò dúdú, a ń dé x ní fìlà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òógùn mi ń kán sórí ìwé. Mo gun ọ̀kadà lọ bá olùkọ́ mi. Wọ́n ti ń ti ọ́fíìsì. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n ṣí i wò lóòró.

"A kì í gba iṣẹ́ tí wọ́n fi bírò tún ṣe. Lọ tún un tẹ̀, kó o padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n rọra gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Màmá mi ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé o ti parí?"

Mo ní mo ti fojú dá a, àmọ́ òótọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ìṣirò, kí n sọ ọ́ kó yé àwọn. Mo bú sẹ́kún. Ìyẹn yé wọn. Wọ́n dìde, wọ́n lọ mú ọkọ́ bàbá mi jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.