Ìgò Ọ̀pọ̀lọ́ Nìkan Ni Kò Bàjẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń sú ènìyàn, kó béèrè lọ́wọ́ Beatrice, olùkọ́ báólójì ní ilé-ìwé gírámà kékeré kan lọ́nà Ìtapàjí. Ó ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Adó títí nítorí fọ́málìn, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ẹranko kó má baà jẹrà. Èsì kan náà ni wọ́n ń fún un: ó ń bọ̀. Láti ayé ìjọba ológun ló ti ń bọ̀. Alágbádá ti gbàjọba, fọ́málìn kò tíì dé.

Àwọn alábẹ̀wò ìdánwò ní tiwọn kò gbàgbé ọ̀nà. Wọ́n ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lóṣù Kẹta, àti pé bí àwọn kò bá rí àwọn ẹranko inú ìgò tó yẹ kí ilé-ìwé ní, kò sí báólójì fún wọn nínú ìdánwò àṣejáde. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ṣe, kó lọ máa gbé ní Ìkọ̀lé, kó ṣe é nílé-ìwé ibẹ̀. Ta ni yóò gba ilé fún Àánúolúwa ní Ìkọ̀lé? Ọmọ àgbẹ̀ ni nínú kíláàsì rẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìkan ló ń rò láyé. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni kò jẹ́ kí ọkàn Beatrice balẹ̀.

Nígbà tó yá, ó pa ìtìjú tì. Díákónẹ́ẹ̀sì ni, ní ìjọ tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ọtí sétí, síbẹ̀ ọ̀sán gangan ló ra ògógóró kẹ́ẹ̀gì kan láti fi rọ́pò fọ́málìn, ó gbé e sórí itan lórí ọ̀kadà, ó sì gba àárín ìlú kọjá. Kó tó délé, pásítọ̀ ti gbọ́. Beatrice ṣàlàyé títí ẹnu rẹ̀ gbẹ.

Ó wá akàn àti ẹja lọ sí etí dáàmù, ó wú ekòló ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó to àwọn tí kò ní eegun ẹ̀yìn síwájú: ekòló tí ara rẹ̀ jẹ́ òrùka lórí òrùka, ìgbín, akàn tó gbé eegun sóde ara. Àwọn eléegun ẹ̀yìn tẹ̀ lé wọn: ẹja, ọ̀pọ̀lọ́, aláǹgbá, ejò kékeré kan. Ó da ògógóró bò wọ́n, ó fi bébà ìwé ìròyìn wé ìgò kọ̀ọ̀kan nítorí oòrùn. Ìjì ti ká òrùlé yàrá àyẹ̀wò ilé-ìwé lọ, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe, nítorí náà pálọ̀ rẹ̀ ló tò wọ́n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀fà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Peace ọmọ wọn wà, àwọn obìnrin méjèèjì ló ń gbélé. Ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́, ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní tẹ́ẹ̀mù yẹn náà ló kọ́ àwọn ọmọ bí ẹran ara ṣe pín sí oríṣiríṣi. Ó ra orúnkún ewúrẹ́ lọ́wọ́ Gàníyù alápatà, ó là á sórí tábìlì. Ó fi iṣan hàn wọ́n, ó fi eegun hàn wọ́n, ó wá tọ́ka sí eegun rírọ̀ funfun tó ń dán, tí kì í jẹ́ kí eegun méjì máa ha ara wọn.

"Bí èèyàn bá ti ń dàgbà, eegun rírọ̀ yìí á máa jẹ lọ díẹ̀díẹ̀," ló wí. "Ìdí nìyẹn tí orúnkún fi ń dun àwọn arúgbó."

Àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ pé, Beatrice kó àwọn ìgò náà lọ sí kíláàsì, alábẹ̀wò dé. Ó tú bébà ara ìgò àkọ́kọ́, ó ṣí i, ó sì fi áńkáṣíìfù bomú. Ekòló ti di ẹrẹ̀. Akàn ti tú, aláǹgbá ti wú, ẹja kò ṣeé wò. Ìgò ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ni kò bàjẹ́. Ọ̀pọ̀lọ́ jókòó digbí nínú ògógóró rẹ̀.

"Mìsíìsì," ni ọkùnrin náà wí, "ṣé ọ̀pọ̀lọ́ nìkan làwọn ọmọ yín fẹ́ kà ni?"

Ó ní kò sí báólójì fún wọn, ó di ẹ̀ẹ̀mìíràn. Àánúolúwa tó dúró lójú fèrèsé gbọ́ ọ. Kò sunkún, ó kàn yí padà, ó ń lọ.

Beatrice bu ohun tó wà nínú ìgò sọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀ dáadáa. Omi ni! Inú bí i, ó gba ilé lọ. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ló ti ń pariwo: "Ta ló bu omi sí ìgò mi?"

Ìyá Àgbà dìde, ó wá pàdé rẹ̀. Kò mú ọ̀pá tó máa ń fi rìn.

"Ìyá Peace, èmi ni. Ugbà mo bá ti mu díẹ̀, mo ń bu omi lé e, bí a ṣe ń ṣe àgbo ní ulé wa, kó má baà gbẹ. T'ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn, oró wà lára rẹ̀."

Beatrice wo ẹ̀gbẹ́ àga, níbi tó to àwọn ìgò sí tẹ́lẹ̀.

"Láti ugbà mo ti dé ulé yìí ni mo ti ń ké orúnkún," ni arúgbó náà ń bá a lọ. "Ọmọ tí mo bí gan-an kò dá mi lóhùn. Ùwọ tí kì í sọ̀rọ̀, ùwọ lo ra ọtí lójú gbogbo ìlú, o ṣe oògùn sí ẹ̀gbẹ́ àga mi. Pásítọ̀ yín wá síbí. Mo ní kó fi ìyàwó mi sílẹ̀."

Ìbínú náà wà níbẹ̀ síbẹ̀, kò sì rí ẹni tí yóò dà á lé lórí. Ó ti kọ́ odidi kíláàsì nípa orúnkún. Kò béèrè ti ìyá yìí rí. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún náà, ó wá rántí ẹ̀yìn Àánúolúwa bó ṣe ń lọ, ó sì bú sẹ́kún.

Ìyá Àgbà ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. "Má sunkún mọ́, ìyàwó mi," ló ń wí. "Ó ti san."