Bọ́tìnnì Tí Màmá Kò Rí

Mo rántí ìgbà tí mò ń gbé ní West End, tí mò ń wọ reluwé lọ sí yunifásítì ní Downtown, tí mo sì gbà pé kò sẹ́ni tó mọ kọ̀ǹpútà jù mí lọ ní gbogbo Atlanta. Fóònù àlòkù kan tí ojú rẹ̀ ti sán ni mo ní. Orí rẹ̀ ni mo ti dán áàpù tí mo ṣe fún ìjọ wa wò, kí àwọn àgbà tí kì í wa mọ́tò lè tẹ bọ́tìnnì kan láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí ọkọ̀ sì wá gbé wọn. Lọ́jọ́ tí mo fi hàn, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Àwọn màmá gbàdúrà lé mi lórí títí orí mi fi wú.

Kò pẹ́ sígbà náà, a ò rí Màmá àgbà kan tó ń ti Austell, lẹ́yìn ìlú, wá sí ìjọ mọ́. Ọmọ wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi pé ojú ìyá òun ti ń lọ.

“Mummy ò rí bọ́tìnnì yẹn tẹ̀. Mi ò lè máa fi wọ́n sílẹ̀ báyìí tí mo bá wà ní shift. Mo ti ń wá flight tí wọ́n máa fi padà sílé.”

Màmá kò fẹ́ lọ. Gbogbo ọmọ-ọmọ wọn wà níbí, kò sì sẹ́ni kankan mọ́ nínú ilé tí wọ́n ń padà sí. Ìbànújẹ́ náà pọ̀ débi pé wọ́n ti pa Bíbélì tì, wọ́n ní ojú wo làwọn fẹ́ fi kà á.

Mo lọ sí Austell. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba fóònù wọn, fóònù ńlá tuntun tí àwọn ọmọ-ọmọ rà. Mo ṣí áàpù mi, èmi tí ojú mi mú bí abẹ wá ń wá bọ́tìnnì. Kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ.

Àmì iná tíntìntín tí à ń pè ní píksẹ́lì ló kún ojú fóònù. Mo ti kọ ọ́ pé kí bọ́tìnnì fẹ̀ tó ọgọ́ta píksẹ́lì. Lórí fóònù mi, ọgọ́ta tó fún àtàǹpàkò; lórí ti Màmá, tí àwọn àmì náà kéré tí wọ́n sì fún mọ́ra, ọgọ́ta kan náà kò tó nǹkan kan. Dípì ló yẹ kí n lò, ìwọ̀n tí fóònù kọ̀ọ̀kan máa ń sọ di iye píksẹ́lì tó bá ojú tirẹ̀ mu, kí nǹkan lè tóbi bákan náà lọ́wọ́ ẹni gbogbo. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ pé àwọn màmá yòókù náà kò rí i, àwọn ọmọ wọn ló ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ìjọ ló ṣe é, wọ́n sì ti gbàdúrà sí i. Ta ni yóò wá bu ẹnu àtẹ́ lù ú?

Mo jókòó sórí àga wọn, mo fi kọ̀ǹpútà mi yí gbogbo ìwọ̀n náà sí dípì, mo tún áàpù náà fi sórí fóònù wọn, mo sì dá a padà fún wọn. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́.

“Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe ojú mi ni?”

“Rárá, Ma. Iṣẹ́ mi ni.”

Màmá sunkún, èmi náà sunkún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n pe ọmọ wọn níbi iṣẹ́, kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ sí i létí.

Màmá ti sùn nínú Olúwa báyìí. Austell ni a sin wọ́n sí, nítòsí àwọn ọmọ-ọmọ wọn, àárò wọn sì ń sọ mí gan-an. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé ká ní mi ò lọ lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá ti wọ bàálù pẹ̀lú ojú tí nǹkan kan kò ṣe, wọn ì bá sì ti gbà títí dọjọ́ ikú pé àwọn ti fọ́jú.