Òfin Lójú Lọ́yà

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfami ní ìlú Padua lókè òkun ni mo ti ń ṣe ògbufọ̀ nígbà tí àwọn ìjọba àgbáyé fòfin de òwò pẹ̀lú Serbia. Oníbàárà wa àtijọ́ kan wá láti ibẹ̀ láti ra ẹ̀rọ. Lójú lọ́yà ilé iṣẹ́ wa, ọ̀gá mi ní kí n sọ fún un pé òfin kò gbà wá láyè mọ́ láti tajà fún un. Ojú ọkùnrin náà kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Bí lọ́yà ṣe jáde báyìí, ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó sọ fún mi pé:

"Bi í bóyá ó ní ẹbí ní Hungary tó lè bá a rà á."

Mo ní, "Signore, ọ̀gá mi, ẹ fẹnu ara yín bi í."

Kò tijú. Ó ń fọwọ́ júwe títí ó fi yé àlejò. Ẹ̀rọ náà gba Hungary kọjá dé Serbia. Ọ̀gá yìí náà ló ń pe àwa ará Nàìjíríà ní arúfin! Ó rí mi lára.