Ọwọ́ Ọ̀tún Tí Wọ́n Mọ fún Mi ní Òkè-Fìà

Òórùn ọṣẹ ìfọyín ló gba imú mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Múfú, ẹni tó ń ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ní Òkè-Fìà. Ó po lẹ́búlẹ́bú kan mọ́ omi, ó ní kí n ki ọwọ́ òsì mi bọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tó fi dì mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹ̀kọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, òsì nìkan ló sì ṣẹ́ kù fún mi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbágùúdá ti gba ọ̀tún lọ́wọ́ mi ní Ifẹ̀wàrà.

Kì í ṣe ẹwà ni Yèyé mi ń wá, bí kò ṣe ọ̀tún tí n ó máa fi fúnni ní nǹkan. Tíṣà mi kì í gba ìwé lọ́wọ́ òsì. Á ní, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ìwé mi á sì wà lórí tábìlì láìmáàkì. Mo kórìíra òwe yẹn. Yèyé náà á ní, "Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin." Èmi fẹ́ lé e fúnra mi.

Bọ̀dá Múfú wo òsì náà fínnífínní, ó fi ìda gbẹ́ ọ̀tún tó bá a mu, ó fi ìyẹn ṣe mọ́ọ̀dù, ó da sílíkóònù, rọ́bà rírọ̀ kan, sínú rẹ̀. Ó ń kán àwọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá mi lójú fèrèsé. Nígbà tó fà á wọ̀ mí, Yèyé bú sẹ́kún ayọ̀. Inú tèmi náà dùn, n kò ní purọ́.

Yèyé ní, "Ọmọ mi, gbé omi fún Bọ̀dá." Mo na ọ̀tún. Ìka kankan kò ká, kọ́ọ̀bù ṣubú.

Bọ̀dá rọra ní, "Mà, mo ti sọ fún yín. Kò lè di nǹkan mú."

Mo fi òsì bu omi mìíràn, mo nà án sí i. Ó gbà á, ó ní, "O ṣé, ìyá mi," ó mu ún tán. Yèyé ń wò wá.

Lọ́jọ́ Ajé, mo bọ́ ọwọ́ náà sílé. Mo fi òsì na ìwé sí tíṣà, n kò gbé e sórí tábìlì. Apá ń ro mí, mo dúró. Ó gbà á.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí báyìí l'Óṣogbo. Mo fẹ́ràn ọwọ́ sílíkóònù mi, mo máa ń kun èékánná rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń na fáìlì sí àgbàlagbà, mo máa ń ní, "Ẹ forí ji ọwọ́ òsì." Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn kò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi náà ti jáwọ́ nínú ẹ̀bẹ̀ yẹn.