Òkúta tó já lu yàrá Àbẹ̀bí

Ní ọdún 1988, yàrá kan ni Àbẹ̀bí ń gbé ní Ìbà, aṣọ ló sì ń fọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ Ọ̀jọ́ àti Okókomáíkò. Opó ni. Aṣọ fífún ti ba apá ọ̀tún rẹ̀ jẹ́. Kò gbé e kọjá èjìká mọ́. Ó máa ń sọ pé, "Ara mi ti di àkísà," kò sì fi ṣe àwàdà.

Ọ̀sán ni òkúta náà já. Àwọn tó ń sọ pé òru ni, wọn kò sí níbẹ̀. Ó lu páànù, ó fọ́ ọpọ́n tí Àbẹ̀bí fi ń po sítáàṣì, ó sì rì sínú ilẹ̀ yàrá. Dúdú ni, ó tó ìkúùkù méjì.

Ìyá Jímọ̀, tí wọ́n jọ ń gbé ilé náà, ló kọ́kọ́ pariwo. "Edùn àrá! Ṣàngó ti rí olè o! Léèsì tó sọnù lọ́dún tó kọjá ti fọhùn!"

Léèsì oníbàárà kan ló sọnù nínú aṣọ tí Àbẹ̀bí ń fọ̀; ẹnikẹ́ni kò rí i lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ka aṣọ lójú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún un.

Alhaji Àlíù, onílé, dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. "Àbẹ̀bí, n kò lè gba ìbínú Ṣàngó sílé. Kó ẹrù rẹ."

"Alhaji, ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí Mẹ́kà?"

"Mo lọ sí Mẹ́kà. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí mi."

"Ṣé òjò rọ̀ ni? Ẹ wo aṣọ lórí okùn, ó gbẹ táútáú."

"Àrá mìíràn kì í ké," ni Ìyá Jímọ̀ dáhùn.

Ọjọ́ yẹn ni Olúṣọlá wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Oníbàárà Àbẹ̀bí ni, ibi tí wọ́n ti ń yẹ òkúta wò ló sì ń ṣiṣẹ́. Ó wá mágínẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n yọ lára rédíò tó ti bàjẹ́, ó fi sún mọ́ òkúta náà. Ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ó ní òun máa gé e kí òun tó lè mọ ohun tó jẹ́.

"Ta ní ń gé edùn àrá?" Alhaji sún sẹ́yìn. "Ọwọ́ rẹ á rọ!"

"Ẹ gé e, Ọ̀gá Ṣọlá," ni Àbẹ̀bí wí. "Bí ó bá jẹ́ ti ọwọ́ rírọ, tèmi ti ń rọ tẹ́lẹ̀."

Alhaji ronú. "Ó dáa. Bí kì í bá ṣe edùn àrá, jókòó. Bí ó bá jẹ́ òun, ilẹ̀ kò ní ṣú bá ọ níbí."

Olúṣọlá gbé òkúta náà lọ síbi iṣẹ́. Àbẹ̀bí di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó ń sùn tì í. Nígbà tí Olúṣọlá padà dé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ kò dán. Ó gbé abala òkúta náà sórí àga. Inú rẹ̀ rí bíi sìmẹ́ńtì, irin ń kọ mànà nínú rẹ̀, ó sì kún fún ohun róbótó-róbótó bí ẹyin ẹja.

"Iná ló yọ́ àwọn róbótó yìí bí ẹ̀kán omi, wọ́n wá dì," ló wí. "Èròjà òkúta tó pọ̀ jù nínú wọn ni ólífíìnì, páírọ́kísíìnì ló tẹ̀ lé e. Ooru tún mú wọn lẹ́yìn náà, ìdí nìyí tí etí wọn fi fẹ́ parẹ́. Edùn àrá kò rí báyìí. Òkúta ilẹ̀ wa ni edùn àrá, àwọn ará àtijọ́ ló fọwọ́ dán an bí àáké. Èyí ti òfúrufú wá."

"Ẹ̀yà wo ni?" ni Alhaji bi í.

"Iye irin inú irú òkúta yìí ni wọ́n fi pín ìdílé rẹ̀ sí mẹ́ta. Èyí wà nínú àwọn tí irin wọn pọ̀ jù." Ó fọwọ́ ra ojú. "Mo rò pé a rí ohun tó ṣọ̀wọ́n ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo òkúta tó ń já láti òkè, ìdílé yìí ló wọ́pọ̀ jù. Ó ń já sínú òkun, ó ń já sínú igbó. Kò yan ẹnìkan."

Àbẹ̀bí gbé orí sókè. "Ẹ tún un sọ. Ẹ sọ ọ́ sókè kí Ìyá Jímọ̀ gbọ́."

"Ó wọ́pọ̀, mà."

Alhaji yí abala náà sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. "Ó wọ́pọ̀? Kò burú. Jókòó. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa tún páànù ṣe."

"Léèsì yẹn ńkọ́?" ni Ìyá Jímọ̀ wí.

Àbẹ̀bí tú ẹrù rẹ̀. Ó wo ihò òrùlé, ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé ibẹ̀. Ó gbé báfù sábẹ́ rẹ̀ de òjò, ó jókòó tì í, ó sì ń fi ọwọ́ òsì fọ aṣọ.